Ọmọ Odó Ìyá Mi àti Katakata Bàbá

Ohùn ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti fẹ́ délé, kí n tó rí òrùlé wa rárá. Bí mo bá ti ilé-ìwé bọ̀, tí mo gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, tí mo kọjá lábẹ́ igi kaṣú mẹ́ta tó wà létí ọ̀nà, ọmọ odó ìyá mi ni n óò kọ́kọ́ gbọ́. Ìyá mi kì í gúnyán bí ẹni tó ń kánjú. Gbì, gbì, gbì, á dúró díẹ̀ láti fi ọwọ́ tútù yí iyán inú odó, á tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n óò gbọ́ Ìyá Oníkòkò, opó tó ń gbé yàrá tó kángun sí ẹnu ọ̀nà, tó ń fi pákó pẹlẹbẹ na ara ìkòkò tútù. Èyí tó máa ń gbẹ̀yìn ni òòlù kékeré bàbá mi, tó ń dún kó-kó-kó lára katakata rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ọdún kan nínú ìgbà èwe mi ni mo fẹ́ sọ, ọdún tí ohùn ọmọ odó yẹn dákẹ́, tí gbogbo agbo ilé sì ń dúró láti mọ̀ bóyá ohun tí a tìtorí rẹ̀ pa á lẹ́nu mọ́ yóò ṣiṣẹ́.

Katakata bàbá mi kéré. Ẹni tó bá ga dáadáa lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó fi ìgbọ̀nwọ́ lé e lórí bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ti pupa rí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi gbọ́njú, oòrùn ti sọ ọ́ di àwọ̀ epo tó ti pẹ́ nínú ìgò. Oko ńlá kan tí wọ́n pa tì lọ́nà Ìpàpó ni ó ti gbé e wá, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń fi ojú àlòkù irin wò ó. Tíṣà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ni bàbá mi. Ó já bọ́ láti orí àkàbà nígbà tí wọ́n ń tún òrùlé ilé-ìwé ṣe, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ kò sì ká mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò lè bẹ̀rẹ̀ kọ ebè. Kò lè lóṣòó tu èpò. Ṣùgbọ́n ó lè jókòó sórí katakata, kó na ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọọrọ síwájú, kó fi ẹsẹ̀ òsì àti ọwọ́ méjèèjì ṣe gbogbo ìyókù. Àwọn ará ìta rò pé fáàrí ni ó ń fi ṣe. Àwa tí a ń bá a gbé mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.

Àwọn tó ṣe irú katakata náà ti dẹ́kun ṣíṣe é tipẹ́. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lára rẹ̀, kò sí ìsọ̀ kankan ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti lè nawọ́ mú òmíràn fún ọ. Nítorí náà, ilé wa ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí epo bá ń jò láàárín irin méjì, bàbá mi á tẹ́ páálí lé ojú irin náà, á fi òòlù kékeré lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ káàkiri etí rẹ̀, títí irin fúnra rẹ̀ yóò fi gé páálí náà bó ṣe rí gan-an. Lẹ́yìn náà á fi epo ẹ́ńjìnnì ra á lára, á sì dè é mọ́ ibẹ̀. Ìṣó ńlá tí wọ́n fi ń kan igi òrùlé ni ó ń tẹ̀ láti fi ṣe píìnì tó di ohun ìtúlẹ̀ mú lẹ́yìn. Ìdérí omi ẹ́ńjìnnì kò ní róbà mọ́ nínú, ó sì gé róbà náà lára sílípáàsì kan. Sílípáàsì náà, tèmi ni, ẹsẹ̀ kan péré, kò sì tíì já tán nígbà tó gé e.

"Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́, Bàbá?" ni mo bi í.

"Tọ́jú ẹ̀," ni ó wí, láìgbójú sókè. "Ìdérí náà á tún jẹ ẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀."

Ìyá mi a máa rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná bí ó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ni ó máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ bá bàbá mi gbé kí ó má fi ohunkóhun sílẹ̀ sójú rẹ̀ tó bá fẹ́ tún rí i. Ó ti pàdánù ìdérí ìkòkò kan, okùn aṣọ sísá, àti àwo tánganran kan tí bàbá mi gé ìdí rẹ̀ láti fi dí ihò kan lábẹ́ ìjókòó katakata. Kò bínú rí, ó kéré tán kò bínú pẹ́. Iyán ni oúnjẹ ilé wa, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó máa ń fi irú dídín sí, ó sì gbà pé bí ọmọ odó bá ti ń dún ní ìrọ̀lẹ́, ilé náà wà níbi tó yẹ kó wà.

Àṣàkẹ́ ni ọmọ-ọmọ Ìyá Oníkòkò. Ọjọ́ orí wa kò ju oṣù mélòó kan lọ síra. Ó ń bá ìyá rẹ̀ àgbà po amọ̀ ní àárọ̀ kó tó lọ sí ilé-ìwé, nítorí náà a máa ń rí amọ̀ gbígbẹ ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nínú kíláàsì, tíṣà a sì máa bi í bóyá kò sí omi nílé wọn ni. Òun náà ni ọmọbìnrin tí mo fẹ́ nígbà tó yá, tí a jọ tọ́ ọmọ mẹ́ta, tí a sì sin ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí. Mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ó ṣì wà, kí ó lè tún un ṣe níbi tí mo bá ti ṣì í. Mo pẹ́ jù. Nítorí náà, mo ń kọ ọ́ bí mo ṣe rántí rẹ̀.

Lọ́dún náà, òjò kejì ti rọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀, imú katakata wá dédé tẹ̀ síwájú, táyà iwájú méjèèjì sì ń yí bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Bàbá mi gbé e sókè pẹ̀lú òkúta, ó ní kí n wọ abẹ́ rẹ̀. Irin ìdábùú kan ni ó gbé táyà iwájú méjèèjì. Ní àárín irin náà ni ihò kan wà, píìnì ńlá kan gba inú ihò náà kọjá, òun ni irin náà fi ń yí sókè sódò bí ilẹ̀ bá rí gbágungbàgun. Láàárín píìnì àti ihò ni búṣì máa ń wà, ohun róbótó oníhò kan tí kì í jẹ́ kí irin máa ha irin. Ohun tí mo fi ọwọ́ kó jáde nínú ihò yẹn kì í ṣe búṣì mọ́. Ẹ̀rún ni, dúdú, bí ẹ̀wà tó jóná nídìí ìkòkò.

Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọlé wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì bí ó ti kírun àsùbáà tán. Oko ni iṣẹ́ tirẹ̀, ọkọ́ ni ó sì fi ń ṣe é. Ó dúró, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó wo òkúta abẹ́ katakata náà.

"Tíṣà, kí ló tún mú un?"

"Búṣì ni, ẹ̀gbọ́n mi. Nǹkan kékeré ni."

"Nǹkan kékeré yìí ti jẹ òjò méjì. Ilẹ̀ ẹ̀yìn odò ṣì wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Níbo ni ẹ ó gbin ẹ̀gẹ́ sí? Níbo ni àgbàdo ó wà?"

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀."

"Mo fún ọ láyè títí oṣù tuntun." Ó nawọ́ sí mi níbi tí mo ti ń fọ ẹnu. "Bí oṣù bá yọ tí nǹkan yìí kò tíì túlẹ̀ ẹ̀yìn odò, Alágbẹ̀dẹ á wá gé e. Kò ní ṣàì rí ogún ọkọ́ lára rẹ̀. Àkànní á mú ọ̀kan níbẹ̀, á tẹ̀ lé mi lọ soko. Ilé-ìwé kò ní sá lọ."

"Ilé-ìwé kò ní sá lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ni yóò dàgbà kọjá rẹ̀."

"Kó kọ́kọ́ jẹun ná," ni Bàbá Àgbà wí, ó sì jáde.

Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà jù ú lọ bó ṣe wà nígbà yẹn, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ni ó ń bà á. Láti ìgbà tí orúnkún bàbá mi ti bàjẹ́, agboolé méjì ni ọkọ́ rẹ̀ kan ń bọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń dùn ún láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nígbà náà kò ju ọkọ́ kan tí wọ́n ti sọ orúkọ mi mọ́.

Bàbá mi kò bara jẹ́. Ó ní a ó fi igi ṣe búṣì náà, igi tó le, tí a bá sè nínú òrí títí òrí fi wọ inú rẹ̀ dé mùdùnmúdùn. Ohun tó ṣòro ni ìwọ̀n. Búṣì tó fọ́ kò ṣeé tò pọ̀, ihò irin náà kò sì dọ́gba nínú. Ó fẹ̀ lápá kan, ó fi díẹ̀ dín lápá kejì, ibi tó ti yí padà sì wà ní àárín tí igi ìwọ̀n kò lè dé. Bàbá mi rò ó títí, ó wá ní kí n lọ tọrọ amọ̀ lọ́wọ́ Ìyá Oníkòkò. A fi eérú kùn inú ihò kí amọ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Mo sùn sábẹ́ katakata, mo ki amọ̀ bọ inú rẹ̀ títí ó fi kún, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, a sì rọra tì í jáde láti ibi tó dín. Ó jáde lódindi, ó dán, ó rí bí ihò náà gẹ́lẹ́. Inú bàbá mi dùn débi pé ó fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. Ó ní kí n gbé e sórí òrùlé ilé ìdáná kó gbẹ, kí ọwọ́ Alágbẹ̀dẹ má bàa fún un pa.

Bí mo ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí ni Àṣàkẹ́ dé pẹ̀lú garawa omi lórí.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Alágbẹ̀dẹ ló fẹ́ máa wò ó gbẹ́ búṣì."

"Ní tútù, àbí tó bá gbẹ?"

"Tó bá gbẹ ni. Ṣé o ò rí i pé mo sá a ni?"

"Ó máa kéré."

"Kí ló máa kéré?"

"Amọ̀ yẹn. Bí ìyá mi àgbà bá mọ ìkòkò tó gba orí ẹ lónìí, tó bá fi máa gbẹ, kò ní gba orí ẹ mọ́. Orí ẹ sì tóbi."

"Ìkòkò lo mọ̀," ni mo wí. "Katakata kì í ṣe ìkòkò."

"Mo gbọ́, ọ̀gá ẹlẹ́ńjìnnì." Ó kọjá lọ pẹ̀lú omi rẹ̀, kò sì dà á sílẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. N kò sọ fún bàbá mi. Mo rò ó wò lẹ́ẹ̀kan, mo sì rí i pé bí mo bá sọ ọ́, òun ni yóò di ẹni tó mọ̀, èmi yóò di ẹni tó kàn sùn sábẹ́ katakata.

Alágbẹ̀dẹ wá ní ọjọ́ kẹta. Ọkùnrin kúkúrú ni, apá rẹ̀ tóbi ju itan mi lọ, kì í sì í gbé ohùn sókè. Òun náà mọ̀ pé bí iṣẹ́ yìí kò bá bọ́ sí i, òun ni wọn yóò ké sí láti wá gé katakata sí wẹ́wẹ́, irin tó tó bẹ́ẹ̀ kì í sì í wọ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ lójoojúmọ́. Síbẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa èyí. Ó yí amọ̀ gbígbẹ náà wò lọ́wọ́, ó ní igi ayin ni òun fẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti gbẹ tó ọdún mẹ́wàá, nítorí tútù rẹ̀ yóò là nínú òrí gbígbóná. Ó wá ń wo àyíká ilé. Ojú rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìyá Àkànní, igi wo ni wọ́n fi gbẹ́ ọmọ odó yín yẹn?"

"Ẹ má wo ibí yìí o, Bàbá Alágbẹ̀dẹ."

"Mo kàn béèrè ni."

"Ẹ̀ ń béèrè, ẹ sì ti ń fi ìka wọ̀n ọ́n."

Igi ayin ni. Ìyá tó bí ìyá mi ni ó fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ, ó ti dán bí gíláàsì ní àárín níbi tí ọwọ́ àwọn méjèèjì ti ń dì í mú. Olórí méjì ni, bí ọ̀pọ̀ ọmọ odó wa, ó nípọn ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Ìyá mi wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Ìyá mi wò mí, èmi tí orúkọ mi wà lára ọkọ́. Ó gbé ọmọ odó náà fún Alágbẹ̀dẹ.

"Orí kan," ni ó wí. "Ẹ fi ìkejì sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n gé orí kan. Láti ọjọ́ náà ni ohùn odó wa ti yí padà. Ọmọ odó náà ti fúyẹ́ lápá kan, kò sì mọ bí yóò ṣe dúró lọ́wọ́ ìyá mi mọ́. Gbì, ká, gbì. Alágbẹ̀dẹ fi irin pupa dá ihò sí àárín igi náà, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ara rẹ̀ títí ó fi bá amọ̀ mu lójú àti lọ́wọ́. Ìyá mi gbé ìkòkò òrí kaná. A ju búṣì náà sí i, ó ń hó yọ̀ọ̀ bí omi inú igi ti ń jáde. Òórùn òrí gba gbogbo ilé, ó wọ inú aṣọ ilé-ìwé mi, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí híhó náà dáwọ́ dúró, bàbá mi ní kí a gbé e kúrò lórí iná, kí igi náà tutù sínú òrí, nítorí bó bá ti ń tutù ni yóò máa fa òrí mu. Gbogbo ohun tó sọ pátá ló jóòótọ́.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ fi í sínú ihò, Bàbá Àgbà náà wà níbẹ̀. Bàbá mi mú búṣì náà dání, ó ń dán, ó rí bí ohun tí wọ́n rà. Ó fi sẹ́nu ihò, ó gbé òòlù onígi sókè. Kò tíì lù ú tí búṣì náà fi wọlé fúnra rẹ̀, tí ó gba òdìkejì jáde, tí ó sì yí gbirigbiri dé iwájú bàtà Bàbá Àgbà.

Alágbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó mú amọ̀ náà jáde nínú àpò, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní àtẹ́lẹwọ́. "Bí amọ̀ ti rí ni mo gbẹ́ ẹ, Tíṣà," ni ó wí. "Ẹ wò ó." Òótọ́ ni. Wọn kò fi irun kan ju ara wọn lọ. Bàbá mi gba méjèèjì, ó yí wọn títí. "Mo rí i," ni ó wí. "N kò mọ ibi tí mo ti ṣì í." Mi ò gbọ́ irú gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Bàbá Àgbà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn gbé ojú sókè bí ẹni tó ń wá oṣù, bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì wà lókè.

Oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kò dùn lẹ́nu. Ìyá mi ti gún iyán pẹ̀lú ọmọ odó olórí kan, kókó pọ̀ nínú rẹ̀, bàbá mi sì ń jẹ ẹ́, ó ń gbé kókó kọ̀ọ̀kan sí etí àwo. Mo ka àwọn kókó náà. Nígbà tí wọ́n pé méje, mo gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo.

"Bàbá, Àṣàkẹ́ sọ fún mi pé ó máa kéré."

"Kí ló máa kéré?"

"Amọ̀ náà. Ó ní bó bá gbẹ, á súnkì. Mo ní ìkòkò ló mọ̀. Mi ò sọ fún yín."

Ìyá mi dúró pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti múra sílẹ̀ fún igbátí. Bàbá mi fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nu ún, ó sì dìde láti orí àpótí bó ṣe máa ń dìde, ẹsẹ̀ kan síwájú, ọwọ́ lára ògiri. "Tẹ̀ lé mi," ni ó wí.

Ìyá Oníkòkò ń fi omi ra etí ìkòkò kan lọ́wọ́, Àṣàkẹ́ sì ń yí ìdí rẹ̀ fún un. Bàbá mi kí ìyá náà, ó wá yíjú sí Àṣàkẹ́.

"Wọ́n ní o mọ ohun tí èmi kò mọ̀."

Àṣàkẹ́ sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀ àgbà. Ìyá Oníkòkò rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ gba amọ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ ò bi mí ní nǹkan kan. Mo rò pé ìwé ti sọ ọ́ fún yín ni."

"Ìwé sọ nǹkan púpọ̀, ìyá. Kò sọ ìyẹn." Bàbá mi jókòó sórí ìkòkò àdojúdé kan, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kọ́ wa, Tíṣà," ni ó wí fún Àṣàkẹ́. "Èmi àti ọ̀gá ẹlẹ́ńjìnnì yìí."

Mo bojú wo Àṣàkẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó pè mí bẹ́ẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ìyá mi gbọ́ ìyẹn nìkan láti ilé ìdáná, tó sì sọ fún un.

Ohun tí Àṣàkẹ́ kọ́ wa kò gùn. Ó ní kí a tún ki amọ̀ bọ ihò náà, kí a tì í jáde, ṣùgbọ́n kí a tó sá a, kí a já ẹyọ ìgbálẹ̀ gbígbẹ méjì. Kí a gé ọ̀kan kó bá ibi tó fẹ̀ mu, láti etí dé etí, kí a gé ìkejì bá ibi tó dín. Amọ̀ yóò súnkì, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ tó ti gbẹ kò ní ibi tó tún ń gbẹ lọ. Alágbẹ̀dẹ yóò máa wo amọ̀ fún bí ihò ti rí, yóò sì máa fi ìgbálẹ̀ mọ bó ṣe tóbi tó. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ àgbà ń ṣe bí wọ́n bá ní kó mọ ìdérí fún ìkòkò tó ti gbẹ. Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó gé ìgbálẹ̀ méjèèjì lójú wa, ó fi eyín já etí ọ̀kan tó gùn díẹ̀ jù. Nígbà tí amọ̀ náà gbẹ, ó gbé ìgbálẹ̀ lé e. Ìgbálẹ̀ yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò ju bí èékánná ti nípọn lọ. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó yí búṣì wa gbirigbiri.

Ó wá ku igi. Bàbá mi yí odó náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fẹ́ yí i ká, Bàbá Àkànní? Ẹ gbé ọmọ odó náà."

"Kí lo máa wá fi gúnyán?"

"Ọkà la ó máa jẹ. Ọkà kò pa ẹnikẹ́ni rí." Ó wá pè mí. "Àkànní, ìwọ ni kó o dì í mú fún wọn bí wọ́n bá ń gé e." Ìyà tí ó fi jẹ mí nìyẹn, kò sì fi òmíràn kún un. Mo di àárín ọmọ odó náà mú, níbi tó dán, mo ń gbọ́ bí ayùn ti ń gbọ̀n ọ́n títí dé èjìká mi. Nígbà tí orí kejì já bọ́, ohun tó kù lọ́wọ́ mi jẹ́ ọ̀pá lásán. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, n kò fi etí mọ ilé mọ́ bí mo bá ń bọ̀. Ojú ni mo ń fi wá a.

Búṣì kejì há. Bàbá mi lù ú wọlé díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú òòlù onígi, ó sì ń wọlé bó ṣe fẹ́ kó wọlé, pẹ̀lú ìlọ́ra, òrí ń sun létí rẹ̀. Ó ku ọjọ́ méjì kí oṣù yọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wa lọ sí ẹ̀yìn odò. Bàbá Àgbà ti wà níbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ wá pẹ̀lú òòlù rẹ̀ ńlá léjìká, kò sì sẹ́ni tó bi í èwo nínú iṣẹ́ méjèèjì ni ó gbé e wá fún. Bàbá mi ní kí n lọ dúró ní òpin oko lọ́hùn-ún, níbi igi ayin kan. "Ìwọ ni mo ń wò bọ̀," ni ó wí. "Bí mo bá yà sápá kan, búṣì kò dára. Má kúrò lójú kan."

Mo dúró. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà tó kọ́, tó tún kọ́, tó wá gbà. Mo rí bàbá mi lókèèrè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún nà jáde, èéfín dúdú lẹ́yìn rẹ̀. Katakata náà ń bọ̀. Táyà iwájú gun orí ebè àtijọ́, ọ̀kan lọ sókè, ìkejì lọ sódò, irin ìdábùú sì ń yí láàárín wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ọrùn ẹni tó ń gbà pé òótọ́ ni. Imú rẹ̀ kò yà. Ó ń tóbi sí i lójú mi, ilẹ̀ ń dojú dé ní ẹ̀yìn rẹ̀, pupa, tútù. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sá, mo kọ̀ fún un. Ó dúró nígbà tí ooru ẹ́ńjìnnì ti dé ikùn mi. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Poro kan ṣoṣo ni, láti òpin oko kan dé ìkejì, ó sì tọ́ bí ojú ìlà ìwé.

Bàbá Àgbà wọ inú poro náà, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì, ó sì rìn ín títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ó tẹ ilẹ̀ wò pẹ̀lú àtàǹpàkò ẹsẹ̀. "Ta ló rí ìwọ̀n náà mú?" ni ó bi bàbá mi.

"Tíṣà Àṣàkẹ́ ni."

"Ọmọ Oníkòkò?"

"Òun ni."

Bàbá Àgbà mi orí. "Yí i padà, Tíṣà. Oòrùn ti ń ga." Ó wá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ náà le bí èèpo igi. "Ilé-ìwé á wà lọ́la, àbí?"

"Ọjọ́ Àìkú ni lọ́la, Bàbá Àgbà."

"Ọ̀tunla nígbà náà," ni ó wí. Alágbẹ̀dẹ gbé òòlù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí èjìká, ó jókòó lé e, ó sì ní kí ìyá mi fún òun lómi mu. Òun ni ó gbẹ́ ọmọ odó tuntun fún ìyá mi kí ẹ̀gẹ́ tó hù dáadáa. Ìyá mi ń ráhùn sí i fún ọdún mẹ́ta pé ohùn ọmọ odó náà ti lọ sókè jù.

Mo lọ sí ilé-ìwé títí tí kò fi sí kíláàsì tó kù. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn, mo sì padà sí Ìwéré-Ilé, ìlú wa, nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, sí ilé kan náà. Katakata náà wà lábẹ́ igi kaṣú, ó ṣì ń túlẹ̀. Búṣì igi a máa jẹ tán lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bó ti yẹ kó máa jẹ nìyẹn, nítorí igi ni kó jẹ kí irin má jẹ. Gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ ṣe òmíràn, Àṣàkẹ́ ni ó ń gé ìgbálẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ó yàn láti ṣe, ó sì ti gé e rí pẹ̀lú aṣọ funfun iṣẹ́ lára, tó ń yára lọ sẹ́nu iṣẹ́. "Tíṣà" ni mo ń pè é títí dé òpin. Òun náà ń pè mí ní ọ̀gá ẹlẹ́ńjìnnì bí mo bá ṣe àṣìṣe, nítorí náà mo ń gbọ́ ọ déédéé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, imú katakata tún tẹ̀ síwájú. Ọmọ mi ọkùnrin pè mí lórí fóònù, ó ní kí n ya fọ́tò ibẹ̀, kí n fi ìwọ̀n ránṣẹ́, ẹ̀rọ kan wà níbi iṣẹ́ wọn tó lè tẹ búṣì jáde bí ẹni tẹ ìwé. Mo ní kó má ṣe ìyọnu, pé bí ilẹ̀ ẹ̀yìn odò bá gbẹ kí tirẹ̀ tó dé, ọdún yìí ti lọ nìyẹn, àti pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ń wá abẹ́rẹ́ láti fi gán bọ́tìnnì kan nígbà tí mo ṣí dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ Àṣàkẹ́, mo sì rí búṣì àkọ́kọ́ níbẹ̀, èyí tó yí gbirigbiri. Òwú dúdú ni ó ká mọ́ ọn lára. Ó ti fi ká òwú láti ọjọ́ pípẹ́, lójú mi, n kò sì wò ó dáadáa rí. Òórùn òrí ti lọ kúrò lára rẹ̀.

Mo gba amọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń mọ ìkòkò lónìí. Mo fi eérú kùn ihò náà, mo kì í, mo tì í jáde. Kí n tó gbé e sínú oòrùn, mo já ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì, mo gé wọn, ọ̀kan fún ibi tó fẹ̀, ọ̀kan fún ibi tó dín. Èyí tó gùn díẹ̀ jù, mo fi eyín já etí rẹ̀. Mo jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ mẹ́ta, n kò sì lè sọ pé kí ni mo ń dúró dè, nítorí kò sí ohun tí n kò mọ̀ nípa rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó funfun, ó fúyẹ́. Mo gbé ìgbálẹ̀ lé e. Ó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí èékánná ti nípọn. Ó ti súnkì, gẹ́gẹ́ bí Àṣàkẹ́ ṣe sọ.